Iṣan Wo Ni A Gé? Èdè-Ìperí Yorùbá fún Iṣẹ́ Abẹ Olójú-Ihò lórí Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá

1. Ìfáàrà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi ṣàlàyé, ní èdè Yorùbá, ohun tí iṣẹ́ abẹ olójú-ihò lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lè ṣe sí iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà ara mìíràn: ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, kíndìnrín, àpò ìtọ̀, ẹ̀yà ìbímọ àti ihò ìdí. Ìdí méjì ni a fi yan ọ̀ràn yìí láàyò.

Èkíní ni pé àrùn náà kì í ṣe àjèjì láàrin wa mọ́. Ní 1971, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Uganda, kọ ọ́ pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ará Áfíríkà nítorí pé oúnjẹ wọn ní háríhá púpọ̀. Lónìí, àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1957, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ilé-Ifẹ̀, ń rí i ju bí wọ́n ti ń rí i nígbà náà lọ. Èkejì ni pé kí a tó gbé ẹnikẹ́ni wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní láti fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún òun, òun sì gbà á. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi ṣàlàyé fún un bá ní ìtumọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ni ó fọwọ́ sí gan-an?

A mú àwọn ìlú Afijio, pàápàá jù lọ Fìdítì àti Ìlọrà, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni àgbègbè yìí wà. Ẹni tí àìsàn inú bá le fún níbẹ̀ sábà máa ń gba Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn lọ. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń sọ kò sì jìnnà sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ ìwé. Nítorí náà, ìdánwò tí a ó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni èyí: ǹjẹ́ àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Fìdítì àti ìyá oníṣòwò ní Ìlọrà lè lóye rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan? Ǹjẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní Fiditi Grammar School sì lè kọ ọ́ sí ojú pátákó láìsí pé ó da akẹ́kọ̀ọ́ rú? Ọ̀rọ̀ tí kò bá yege nínú méjèèjì kò yẹ ní èdè-ìperí.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òfìfo. Láti 1970 ni Ètò Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò sí lára ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe ìwé náà. Àlàfo yẹn ni a fẹ́ fi díẹ̀ kún.

2. Orúkọ iṣẹ́ abẹ náà

Nínú iṣẹ́ abẹ àtijọ́, oníṣẹ́ abẹ a la ikùn gbọọrọ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibi tí àrùn wà. A dábàá iṣẹ́ abẹ onílíla fún èyí. Nínú irú kejì, ihò bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a óò lu sí ikùn. Fífẹ̀ wọn kò ju mílímítà 5 sí 12 lọ. A óò fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn kí àyè lè wà nínú rẹ̀, a óò ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kan, a óò sì ti irin iṣẹ́ gbọọrọ bọ àwọn yòókù. Ojú amóhùnmáwòrán ni oníṣẹ́ abẹ ń wò bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá gé ibi tí ó ní àrùn tán, yóò la ojú kan tí ó fẹ̀ díẹ̀ láti yọ ọ́ jáde. Moises Jacobs ní ìlú Miami, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gé ìfun ńlá lọ́nà yìí ní 1990.

Àwọn atúmọ̀ kan ti gbìyànjú láti pè é ní ‘iṣẹ́ abẹ ihò kọ́kọ́rọ́’. Òwe àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wá ní odindi, kò sì fi ọ̀nà kankan han ẹni tí ó ń gbọ́ ọ; ohun tí yóò wá sí ọkàn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn àti àgádágodo. Àwọn mìíràn ń pè é ní ‘iṣẹ́ abẹ kékeré’. Èyí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ihò ni ó kéré, iṣẹ́ kò kéré. Gígùn ìfun tí a gé, àti bí a ti dé ìsàlẹ̀ ìbàdí tó, kò yàtọ̀ sí ti onílíla. Ẹni tí a bá sọ fún pé iṣẹ́ kékeré ni yóò retí ewu kékeré. Iṣẹ́ abẹ olójú-ihò ni a fara mọ́: ó sọ ojú tí a gbà wọlé, kò sì sọ ohunkóhun nípa ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe nínú.

Ó yẹ kí a fi kún un pé iṣẹ́ abẹ onílíla ni èyí tí ó pọ̀ jù fún àrùn yìí ní ilẹ̀ wa títí di ìsinsìnyí, nítorí pé irin iṣẹ́ ọ̀nà kejì wọ́n, àwọn aláìsàn púpọ̀ sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Orúkọ méjèèjì ni a nílò, kí aláìsàn lè béèrè èyí tí a fẹ́ ṣe fún un.

3. Afẹ́fẹ́ inú ikùn: ìyípadà onígbà-díẹ̀

Afẹ́fẹ́ tí a fi ń fẹ ikùn ni kábọ́ọ̀nù-daọ́ksáìdì, èyí tí àwa náà ń mí síta. A ya orúkọ rẹ̀ lò nítorí pé orúkọ kẹ́míkà ni. Bí a bá fi àpèjúwe rọ́pò rẹ̀, yóò tú ká nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Agbára tí a fi ń tì í wọlé sábà máa ń wà láàrin mílímítà 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n mákúrì.

Bí ikùn ti ń wú, ó ń ti awọ tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn sókè. A dábàá ààlà-àyà fún awọ yìí. Ẹ̀dọ̀fóró kò wá rí àyè fẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ń padà bọ̀ wá sí ọkàn láti ìsàlẹ̀ ara a dín kù. Ìtọ̀ tí kíndìnrín ń ṣe a dín kù pẹ̀lú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fi hàn pé nǹkan kan fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà a wọ inú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn a sì mí i síta nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí ń bá a mí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kíyè sí ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lera tẹ́lẹ̀.

Nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, gbogbo èyí a máa padà sípò lẹ́yìn tí a bá tú afẹ́fẹ́ náà jáde. A pè é ní ìyípadà onígbà-díẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ sí ìpalára alálòpẹ́ tí a óò sọ nípa rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí aláìsàn yóò fúnra rẹ̀ mọ̀ ni èjìká ríro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ààlà-àyà ni afẹ́fẹ́ gún lára, èjìká ni ìrora náà ti ń jẹ́ ìpè. Bí a kò bá ti sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀, ó lè rò pé a ṣe nǹkan mìíràn fún òun lójú oorun.

Àǹfààní sì wà níbẹ̀. Ìfun tí a kò la ikùn gbọọrọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ a máa tètè jí. A fara mọ́ jíjí ìfun gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí, nítorí pé àmì rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: aláìsàn a só, lẹ́yìn náà a yàgbẹ́. Ìrora ojú ọgbẹ́ a dín kù pẹ̀lú, ọjọ́ tí aláìsàn ń lò lórí ibùsùn a sì kéré.

4. Ìfun ìdí àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Ìpín tí ó gbẹ̀yìn nínú ìfun ńlá, tí ó wà nínú egungun ìbàdí tí ó sì parí sí ihò ìdí, ni a óò pè ní ìfun ìdí. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń dúró de àkókò. Ọ̀rá kan yí i ká bí àpò. A pè é ní àpò-ọ̀rá ìfun ìdí. Ní 1982, R. J. Heald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Basingstoke, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àlàyé wọn jáde pé bí a bá yọ àpò-ọ̀rá yìí ní odindi, láìya á, jẹjẹrẹ kì í sáàbà padà sí ojú ibi tí a ti gé e. Ọ̀nà yẹn ni ayé ń tọ̀ títí di òní, ìbáà ṣe onílíla, ìbáà ṣe olójú-ihò.

Ṣùgbọ́n àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́bàá àpò-ọ̀rá náà. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ikùn; àwọn ni ó ń pàṣẹ pé kí àtọ̀ jáde, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí àpò ìtọ̀ lè gba ìtọ̀ dúró. Àwọn kejì jáde láti inú egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn ni ó ń pàṣẹ pé kí okó le, kí ojú ara obìnrin rin, kí àpò ìtọ̀ sì fún ara rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jáde. Bí a bá fa àwọn fọ́nrán wọ̀nyí já, tàbí tí iná irin iṣẹ́ bá jó wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lè dín kù tàbí kí ó dá dúró pátápátá.

Ǹjẹ́ ọ̀nà olójú-ihò ń dá wọn sí ju onílíla lọ? Kámẹ́rà ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn retí bẹ́ẹ̀. Èsì ìwádìí kò fi gbogbo ara gbè é lẹ́yìn. Nínú ìwádìí CLASICC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba aláìsàn 794 láàrin 1996 àti 2002, iṣẹ́ àpò ìtọ̀ kò yàtọ̀ láàrin ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin tí a gé ìfun ìdí wọn lójú-ihò fẹ́ jìyà díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí COLOR II, tí ó gba aláìsàn 1,044, kò rí ìyàtọ̀ nínú ìbálòpọ̀. Nígbà tí a tẹ èsì ROLARR jáde ní 2017, lórí aláìsàn 471, àwọn tí a lo ẹ̀rọ rọ́bọ́ọ̀tì fún kò sàn ju àwọn yòókù lọ nípa ìtọ̀ àti ìbálòpọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ibi tí jẹjẹrẹ wà, bí ìbàdí ti fẹ̀ tó, ìtànṣán tí a lò àti ìmọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni ó ń ṣèdájọ́ púpọ̀, kì í ṣe ojú tí a gbà wọlé nìkan. Ohun tí aláìsàn ará Ìlọrà yẹ kí ó gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìpolówó.

5. Ọ̀ràn ọ̀rọ̀ náà ‘iṣan’

A ti lo ‘fọ́nrán’ níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń retí ‘iṣan’. Ó tó àkókò kí a sọ ìdí rẹ̀. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, iṣan ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan ni ohun tí ó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan ni ẹran tí ó ń fún tí ó sì ń dẹ̀. Iṣan náà ni a sì ń pe ohun tí ó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ. Ohun mẹ́rin ń jẹ́ orúkọ kan. Lójú ọjà, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò là á.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Kí a tó lè yọ ìfun ìdí, oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ so òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń bọ́ apá òsì ìfun ńlá, kí ó sì gé e. Ní ìdí òpó yìí gan-an ni àwọn fọ́nrán tí ń pàṣẹ fún àtọ̀ wà. Láàrin ìwọ̀n ibi kékeré kan, ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ má gé, òmíràn wà tí a kò gbọdọ̀ gé. Èdè wa ń pe méjèèjì ní iṣan. Bí a bá wí fún ọkùnrin kan ní Fìdítì pé ‘a óò gé iṣan kan’, ó lè sá lọ nítorí ìbẹ̀rù ohun tí kò ní í ṣẹlẹ̀. Bí a bá wí fún un pé ‘iṣan kan lè ṣèèṣì gé’, ó lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni a ń sọ, kí ó gbà, kí ó sì wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá padà sílé lọ́dọ̀ aya rẹ̀.

Àwọn kan ti dábàá ‘iṣan ìmọ̀lára’ fún ti ìkẹrin. Kò bá ọ̀ràn tiwa mu. Ìmọ̀lára ni ohun tí ara fi ń mọ gbígbóná, tútù àti ìrora. Àwọn fọ́nrán ìbàdí wọ̀nyí ń gbé àṣẹ lọ. Ẹni tí wọ́n bá já mọ́ nínú lè mọ ìfọwọ́kàn síbẹ̀, kí àṣẹ má sì dé ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà, a dábàá ìpín báyìí:

(i) Kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dúró fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ gbogbo. Èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ ni iṣan àlọ. Èyí tí ń gbé e padà ni iṣan àbọ̀.

(ii) Kí fọ́nrán ara dúró fún ohun tí ń so ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ara. Èyí tí ń gbé ìròyìn wá ni fọ́nrán ìmọ̀lára. Èyí tí ń gbé àṣẹ lọ ni fọ́nrán àṣẹ.

(iii) Kí iṣan láìní àfikún má ṣe wọ inú ìwé ìfọwọ́sí kankan mọ́.

A mọ̀ pé àwọn oníròyìn ń lo fọ́nrán fún àwòrán tí a ká sílẹ̀. Kò sí ìjà láàrin méjèèjì, nítorí pé fọ́nrán òwú ti wà kí àwòrán tó dé, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ni ìtumọ̀ ìpilẹ̀ rẹ̀, èyí sì bá ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń rí mu rẹ́gí.

6. Àdàpè tí ń bo ìtumọ̀

Yorùbá ní àdàpè olè ni ‘ọmọ ń fẹ́wọ́’. Nípa ìbálòpọ̀, ọ̀wọ̀ ń mú wa dà ọ̀rọ̀ pè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọdé kò lè ko àgbàlagbà lójú kí ó máa dárúkọ okó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wí ni pé ‘Bàbá, agbára yín lè dín kù’. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ èyí yóò rò nípa ọkọ́ àti àdá. Yóò ní òun ní ọmọ tí yóò ro oko fún òun.

Ó sì tún kù síbì kan. Àní bí àdàpè náà bá jẹ́ ‘agbára ọkùnrin’, ohun méjì tí fọ́nrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń ṣàkóso ni ó pa pọ̀. Okó lè le kí àtọ̀ má jáde. Àtọ̀ lè ṣàn láìsí líle. Ẹni tí ó ṣì ń retí ọmọ yóò fẹ́ mọ èyí tí a ń sọ. A dábàá líle okó àti ìdà àtọ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́. Fún ẹnu, a lè wí pé ‘nǹkan ọkùnrin lè má dìde mọ́’ àti ‘omi ìbímọ lè má jáde mọ́’. Ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì, ìtumọ̀ kò sì pòórá. Fún obìnrin, ‘ojú ara gbígbẹ’ àti ‘ìrora nígbà ìbálòpọ̀’ tó. Ohun tí a ń rí ni pé a kì í sábà sọ ọ́ fún wọn rárá.

7. Ìbéèrè márùn-ún nípa ìgbẹ́

Nígbà tí a bá yọ ìfun ìdí tí a sì so èyí tí ó kù pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ibi tí ìgbẹ́ ń dúró sí ti lọ. Ìyọnu tí ó lè tẹ̀lé e ni a pè ní ìdààmú ìfun gígé. Ní 2012, àwọn oníṣègùn ní Denmark tẹ òṣùwọ̀n kan jáde tí ó ní ìbéèrè márùn-ún. Máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 42, ẹni tí ó bá sì gba 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìdààmú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ kókó ìbéèrè náà ní Yorùbá tí a ń sọ:

(i) Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹ kì í lè dá ìsó dúró?
(ii) Ǹjẹ́ ìgbẹ́ olómi máa ń ṣèèṣì jáde lára yín?
(iii) Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń yàgbẹ́ ní ọjọ́ kan?
(iv) Ǹjẹ́ ẹ máa ń padà lọ yàgbẹ́ kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tí ẹ ti yà á?
(v) Ǹjẹ́ ìgbẹ́ máa ń gbọ̀n yín débi pé ẹ ní láti sáré?

Ohun tí ó jẹ́ ewu níbí ni ọ̀rọ̀ náà ‘ìgbẹ́ gbuuru’. Aláìsàn tí ó padà sí Ìlọrà, tí ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, yóò sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pé ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe òun, a ó sì fún un ní oògùn kòkòrò àrùn. Kì í ṣe kòkòrò ni. Àyè ni kò sí. A dábàá ìgbẹ́ àtúnlọ fún ti ìbéèrè kẹrin àti ìgbẹ́ àpàpàǹdodo fún ti ìkarùn-ún. Ó yẹ kí a kìlọ̀ pé ìtumọ̀ yìí kò tíì tó láti fi gba máàkì; a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu àwọn aláìsàn gan-an, kí a rí i dájú pé ohun tí a béèrè ni wọ́n gbọ́.

8. Àkójọ àwọn èdè-ìperí tí a dábàá

Ààlà-àyà: awọ tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn.
Àpò-ọ̀rá ìfun ìdí: ọ̀rá tí ó yí ìfun ìdí ká.
Fọ́nrán àṣẹ: fọ́nrán ara tí ń gbé àṣẹ lọ sí ẹ̀yà ara.
Ìdààmú ìfun gígé: ìyọnu ìgbẹ́ lẹ́yìn tí a yọ ìfun ìdí.
Ìfun ìdí: ìpín ìkẹyìn ìfun ńlá.
Ìpalára alálòpẹ́: ìpalára tí kò lọ bọ̀rọ̀.
Iṣan àlọ, iṣan àbọ̀: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn.
Iṣẹ́ abẹ olójú-ihò, iṣẹ́ abẹ onílíla: ọ̀nà méjì tí a ń gbà wọ inú ikùn.
Jíjí ìfun: ìpadàbọ̀ iṣẹ́ ìfun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó ń kọjá lọ àti ohun tí ó ń dúró, láàrin ohun tí a gbọ́dọ̀ gé àti ohun tí a gbọ́dọ̀ dá sí, ṣe é sọ ní Yorùbá láìya ju ọ̀rọ̀ kẹ́míkà kan lọ. Ohun tí ó kù jẹ́ ti àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀. Kí olùkọ́ fi fọ́nrán àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ́ ọmọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìsinsìnyí. Kí ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé ìfọwọ́sí ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò kàwé, kí ó sì ní kí onítọ̀hún tún un sọ fún òun. Ohun tí olùgbọ́ náà bá tún sọ ni ìtumọ̀ tí ìwé náà ní. Bí kò bá bá èyí tí oníṣẹ́ abẹ ní lọ́kàn mu, ọ̀rọ̀ ni kí a pààrọ̀, kí a má ṣe dá aláìsàn lẹ́bi.